Ìkòkò Ìjọ Tí Mo Fi Fọ Mágásíìnì Ìbọn

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ojú ìwé yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í bú mi. Tí mo bá sọ ọ́ tán, ẹ lè bú mi bó ṣe wù yín. Èmi fúnra mi ti ń bú ara mi láti ọjọ́ Àìkú tó kọjá, ó sì ti sú mi.

Ohun kan wà tí mo ṣe ní ọdún kan àti oṣù mẹ́rin sẹ́yìn tí mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ìyá àgbàlagbà kan ló ń jìyà rẹ̀. Wọ́n ti gba iná ìdáná lọ́wọ́ ìyá náà, wọ́n sì fẹ́ kó wọn kúrò nínú ilé wọn ní Sátidé tó ń bọ̀ yìí. Èmi ni wọ́n ní kí n wá fi ọkọ̀ mi kó ẹrù wọn. Ìdí tí mo fi ń kọ̀wé sí yín nìyẹn, torí mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ gbé bẹ́ẹ̀dì obìnrin yẹn sínú ọkọ̀ mi kí n má sì sọ òótọ́.

Morrow ní Amẹ́ríkà níbí ni mò ń gbé, mo sì ń ṣiṣẹ́ ní cargo, níbi tí wọ́n ti ń kó ẹrù ọkọ̀ òfuurufú, ní College Park. Mo ti lé ní àádọ́ta ọdún, mo níyàwó, mo bí ọmọ méjì. Mi ò ní dárúkọ mi. Ìyá tí mò ń sọ, ẹ jẹ́ ká máa pè wọ́n ní Màmá Ṣadé, orúkọ wọn gan-an kọ́ nìyẹn. Wọ́n ti lé díẹ̀ ní àádọ́rin ọdún. Wọ́n wá tọ́jú ọmọ-ọmọ ní Amẹ́ríkà, ọmọ-ọmọ dàgbà, wọn ò sì padà lọ sílé mọ́. Wọ́n ń dá gbé nínú apartment kékeré kan tí kò jìnnà sí ọ̀dọ̀ wa. Nínú ìjọ wa, àwọn ni wọ́n ń se ìrẹsì ní gbogbo ìgbà tí a bá jọ jẹun lẹ́yìn ìsìn. Kò sẹ́ni tó ń bá wọn dù ú, torí kò sẹ́ni tó lè sè é tó wọn.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ìbọn. Mo mọ̀ pé ẹ máa bi mí pé kí ni ọmọ Yorùbá tó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì fẹ́ fi ìbọn ṣe. Ìyàwó mi ti bi mí ṣáájú yín. Bàbá òyìnbó kan wà níbi iṣẹ́ wa tó ń jẹ́ Walt. Ó fẹ́ràn àwọn ìbọn ológun àtijọ́, àwọn tí ìjọba ti kó pamọ́ fún ọdún gbọgbọrọ kí wọ́n tó tà wọ́n fún aráàlú. Ó mú mi lọ síbi tí wọ́n ti ń yìnbọn sí pátákó lọ́jọ́ kan, mo sì gbádùn rẹ̀. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn kan ń ṣeré bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ ìsinmi wọn, èmi ń yìnbọn sí pátákó.

Mo ra ọ̀kan nínú àwọn ìbọn náà. Lẹ́yìn náà ni mo ra mágásíìnì mẹ́wàá fún un lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Mágásíìnì ni àpótí irin kékeré tí wọ́n ń to ọta sí, tí wọ́n á wá kì bọ abẹ́ ìbọn. Nígbà tí páálí náà dé, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Gíríìsì ni ṣáá! Àwọn tó kó wọn pamọ́ ti fi gíríìsì kùn wọ́n nínú lóde kí wọ́n má baà dípẹtà, gíríìsì náà sì ti le bí ìda. Mo fi aṣọ nù ún, aṣọ lẹ̀ mọ́ ọn. Mo fi ọ̀bẹ ha á, ọwọ́ mi ni ọ̀bẹ gé. Sípírìngì inú ẹ̀ ò mira rárá, ọta kan ò sì lè wọlé. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi ń bá nǹkan yẹn fà á, tí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé báyìí, garage, ilé ọkọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa, ni.

Walt ní kí n tú gbogbo ẹ̀ palẹ̀. Ó ní kí n yọ irin ìdí rẹ̀, kí n fa sípírìngì jáde, kí n bọ̀ wọ́n nínú omi gbígbóná títí gíríìsì á fi yọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, kí n fi oògùn ìfọbọn tí wọ́n ń tà nínú agolo fọ ìyókù, kí n jẹ́ kó gbẹ, kí n wá fi epo ìbọn pa á lára fẹ́ẹ́rẹ́, kí n sì tún nù ún kúrò. Ó tẹnu mọ́ ọn pé epo tó bá ti pọ̀ nínú mágásíìnì, eruku ló máa kó, kò sì ní pẹ́ tó fi máa há.

Bàbá yẹn sọ ọ́ yé mi. Ká ní mo ṣe bó ṣe sọ ọ́ ni, mi ò ní máa da ọ̀rọ̀ yìí sí yín létí lónìí. Ṣùgbọ́n ọmọ Ìbàdàn ni mí, ọgbà mẹkáníìkì ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni mo dàgbà sí. Kí ni mẹkáníìkì fi ń fọ gíríìsì? Kẹrosíìnì ni! Kí ni mo wá fẹ́ fi oògùn inú agolo ṣe? Ọgbọ́n pọ̀ lórí mi. Mo lọ ra kẹrosíìnì, ike ńlá kan.

Ó ku ohun tí màá fi se àwọn irin náà nínú omi gbígbóná. Mo wojú ìyàwó mi. Ó ti mọ ohun tó ń bọ̀ lẹ́nu mi. Ó ní, “Bàbá Tóbi, ẹ fọwọ́ kan ìkòkò mi kan báyìí, kẹ́ ẹ wò ó. Ẹ̀yin àti ìbọn yín lẹ máa jọ máa sùn ní garage. Àbí ogun ń bọ̀ ni?”

Ìjọ wa ò ní ilé tiẹ̀. Gbọ̀ngàn la ń háyà lọ́jọ́ Àìkú. Torí pé èmi ni mo ní van, tí garage mi sì fẹ̀, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ń kó àga, kúlà àti ìkòkò ìjọ sí. Ìkòkò alumíníọ̀mù ńlá kan wà níbẹ̀ pẹ̀lú ọmọrí ẹ̀, òun ni Màmá Ṣadé fi ń se ìrẹsì fún gbogbo wa. Mo wo ìkòkò yẹn títí. Mo ní ṣé irin náà kọ́ ni? Tí mo bá fọ̀ ọ́ tán, ta ló máa mọ̀?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì pariwo. Mo mọ̀.

Ọjọ́bọ̀ ni, mi ò ní shift lọ́jọ́ náà. Mo gbé ìkòkò náà ka iná gáàsì lẹ́yìnkùlé, mo da omi àti ọṣẹ sí i, mo kó àwọn mágásíìnì sínú ẹ̀. Gíríìsì yọ́ lóòótọ́, ó léfòó sójú omi. Mo da omi náà nù, mo jẹ́ kí ìkòkò tutù, mo wá da kẹrosíìnì sí i, mo rẹ àwọn irin náà sínú ẹ̀ di ọjọ́ kejì. Nígbà tí mo ń kó wọn jáde, mo da ojú ọmọrí ìkòkò sókè bí àwo, mo to àwọn sípírìngì àti irin pẹlẹbẹ sínú ẹ̀ kí kẹrosíìnì ara wọn lè ro dànù.

Ẹ ò rí bí inú mi ṣe dùn! Mo nù wọ́n, mo fi epo ìbọn pa wọ́n fẹ́ẹ́rẹ́, mo tò wọ́n padà. Tí mo bá fi àtàǹpàkò tẹ irin inú ẹ̀ báyìí, á lọ sísàlẹ̀ wẹ́rẹ́, á tún padà sókè. Gbogbo mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ló ń ṣiṣẹ́. Mo pe Walt lórí fóònù pé kó wá gbọ́ bó ṣe ń dún.

Mo fi ọṣẹ àti kànrìnkàn onírin fọ ìkòkò náà lẹ́ẹ̀mẹrin. Mo ki orí bọ inú ẹ̀, òórùn ọṣẹ nìkan ni mo gbọ́. Mo fọ ọmọrí náà. Àmọ́ wọ́n ká etí ọmọrí yẹn sínú yípo, ihò tóóró kan sì wà nínú ibi tí wọ́n ká náà. Ibẹ̀ ni kẹrosíìnì àti gíríìsì sá pamọ́ sí. Kò sọ sí mi lọ́kàn rárá. Ní ọjọ́ Àìkú, mo kó ìkòkò sínú van, mo gbé e lọ fún Màmá ní kìṣíìnì gbọ̀ngàn.

Màmá se ìrẹsì wọn bí wọ́n ṣe máa ń sè é. Ooru ìrẹsì lọ sókè, ó gbóná mọ́ ọmọrí, ohun tó wà nínú etí ọmọrí yọ́, ó sì ń kán padà sínú oúnjẹ. Àwọn ọmọdé ló kọ́kọ́ tu tiwọn dànù. Ọmọbìnrin kan ní ìrẹsì ń rùn bí ilé epo. Àwọn àgbà tó ti gbé tiwọn mì tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dìkùn mú. Ọmọ méjì bì, Tóbi tèmi sì wà nínú wọn. Ọpẹ́ ni pé kò sẹ́ni tó dé ọsibítù. Màmá Ṣadé dúró sídìí ìkòkò, wọ́n tọ́ ìrẹsì náà wò, wọ́n ní, “Mi ò mọ̀ o. Mi ò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀.”

Èmi mọ̀. Bí òórùn yẹn ṣe kan imú mi ni mo ti mọ̀. Mi ò fẹ́ purọ́ fún yín.

Ìgbìmọ̀ oúnjẹ pàdé nínú kìṣíìnì gbọ̀ngàn lójú ẹsẹ̀. Alága ìgbìmọ̀ wà níbẹ̀, obìnrin méjì wà níbẹ̀, Màmá wà níbẹ̀, èmi náà sì wà níbẹ̀ torí ọmọ ìgbìmọ̀ ni mí. Alága ní kẹrosíìnì ò lè fẹsẹ̀ ara ẹ̀ rìn wọnú ìrẹsì. Ó ní ká wá ibi tó ti wá. Gbogbo èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í wò káàkiri. Mo rò pé ẹnì kan máa gbé ọmọrí yẹn sókè, ó máa gbóòórùn ẹ̀, ó máa wá bi mí pé ọ̀dọ̀ ta ló ń gbé.

Ẹ jọ̀ọ́, ohun tí mo ṣe rèé. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo ṣí kọ́bọ́ọ̀dù abẹ́ sínkì. Mo rí ìgò ike epo kan níbẹ̀, epo tó ń rùn bíi kẹrosíìnì, tí àwọn onígbọ̀ngàn fi ń ran èédú tí wọ́n bá fẹ́ sun ẹran. Mo gbé e sórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìgò òróró Màmá. Mo ní, “Kí lèyí ń ṣe níbí?”

Mi ò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n wo ìgò méjèèjì, wọ́n wo ojú Màmá. Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin yẹn ní, “Háà, Màmá!” Màmá wo ìgò náà títí. Wọ́n ní, “Mo rò pé òróró ni mo mú. Àbí èmi ni?” Nígbà tó yá wọ́n ní, “Bóyá èmi ni.”

Kò sẹ́ni tó bú wọn. Ìyẹn gan-an ló ń bí mi nínú jù. Wọ́n kéde nínú ìjọ pé Màmá ti ṣiṣẹ́ gan-an, ó yẹ kí wọ́n sinmi. Gbogbo èèyàn pàtẹ́wọ́, èmi náà pàtẹ́wọ́! Ìgbìmọ̀ wá ṣòfin pé láti ìsinsìnyí lọ, ẹni méjì gbọ́dọ̀ máa gbóòórùn òróró kí wọ́n tó dà á sínú ìkòkò. Ẹ mọ ẹni tí wọ́n fi ṣe ọ̀kan nínú àwọn agbóòórùn? Èmi! Láti ìgbà náà, tí a bá fẹ́ jẹun, wọ́n á ní, “Bàbá Tóbi, ẹ bá wa gbọ́ ọ.” Èmi á dorí kọ ẹnu ìgò, màá ní ó dáa. Ẹ ò rí irú yẹ̀yẹ́ yìí? Ìrẹsì tí wọ́n sì ń sè báyìí ò dùn, ó máa ń rọ̀ jọ̀kọ̀jọ̀kọ̀, kò sí ẹni tó lè sọ ọ́.

Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀lé e ni mo fi ìṣáná tí mo gbẹ́ ṣóńṣó ha inú etí ọmọrí yẹn. Gíríìsì dúdú jáde. Mo sọ ọmọrí náà nù, mo ra òmíràn tó bá ìkòkò mu, mo gbé e sípò. Ìyàwó mi ò mọ̀ títí di òní.

Mo rò pé ọ̀rọ̀ náà máa kú síbẹ̀. Kò kú. Ṣadé, ọmọ Màmá, nọ́ọ̀sì ni ní Lawrenceville. Nígbà tó gbọ́, ẹ̀rù bà á, mi ò sì lè dá a lẹ́bi. Ó yọ gbogbo ohun tí wọ́n ń yí láti fi tan sítóòfù ilé Màmá, ó kó wọn sínú báàgì ẹ̀, ó gbé wọn lọ. Ó mú Màmá lọ sọ́dọ̀ dókítà. Dókítà yẹ ìrántí wọn wò, ó ní kí wọ́n ya aago, kí wọ́n sọ ọjọ́ tó jẹ́, kí wọ́n ka nǹkan sẹ́yìn. Wọ́n ṣe gbogbo ẹ̀. Dókítà ní kò sóhun tó ṣe wọ́n ju ọjọ́ orí lọ. Ṣadé ò gbà. Ó sọ fún ìyàwó mi pé, “Aunty, dókítà ò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ tí Màmi da epo èédú sínú ìrẹsì.”

Màmá fúnra wọn wá gbà pé àwọn ń gbàgbé nǹkan. Obìnrin tó máa ń mọ ọjọ́ ìbí gbogbo ọmọ ìjọ wá ń kọ ohun gbogbo sínú ìwé. Wọ́n á pe ìyàwó mi, wọ́n á kọ́kọ́ bi í pé, “Ṣé mo ti pè ẹ́ tẹ́lẹ̀ lónìí?” Wọn ò tíì pè. Wọn ò fìgbà kan pè lẹ́ẹ̀mejì rí. Tí ìyàwó mi bá sọ fún mi, tó ní àánú Màmá ń ṣe òun, màá dìde lórí àga, màá lọ sí garage.

Mo gbìyànjú láti sọ ọ́. Mo dúró de alága lẹ́yìn ìsìn lọ́jọ́ kan, mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, ọ̀rọ̀ ìrẹsì ọjọ́sí.” Ó ní ìyẹn ti kọjá, pé ọ̀rọ̀ àga ló wà nílẹ̀, pé àga méjì ti kán. Ó fi ogún ìṣẹ́jú sọ̀rọ̀ àga fún mi. Àga! Mo fẹ́ fi orí gbá ògiri. Àmọ́ mo tún mọ̀ nínú ara mi pé ara mi fúyẹ́ nígbà tí ò jẹ́ kí n sọ ọ́.

Ní ọjọ́ Àìkú tó kọjá, Ṣadé pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní òun ti rí ilé ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà kan ní Lawrenceville, tòsí òun, pé Sátidé ni Màmá máa kó lọ, pé ṣé Uncle máa bá òun fi van kó ẹrù. Ẹnu mi dá a lóhùn kí n tó ronú. Mo ní kò sí wàhálà. Ó ní Màmá fẹ́ kí n yà wá wo ẹrù náà.

Mo yà síbẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Mo ti pinnu. Mo ti sọ ọ́ fún ara mi nínú ọkọ̀ pé màá sọ ọ́ lónìí, kí ojú tì mí, kó parí. Màmá ṣílẹ̀kùn. Wọ́n ní kí n jókòó, wọ́n gbé bisikíìtì àti omi tútù fún mi. Wọ́n ní kí n má bínú pé àwọn ò lè fún mi ní nǹkan gbígbóná. Mo wo sítóòfù yẹn, irin ṣóńṣó nìkan ló kù níbi tí àwọn ohun tí wọ́n ń yí náà máa ń wà. Mo ní, “Màmá, ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ bá yín sọ.”

Wọ́n ní, “Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ tèmi kí n má baà gbàgbé.”

Wọ́n mú ìwé kan jáde láti inú Bíbélì wọn. Orúkọ gbogbo àwọn tó jẹ ìrẹsì ọjọ́ yẹn ló wà níbẹ̀, wọ́n ti fi àmì sí gbogbo wọn, àfi ọ̀kan. Wọ́n ní àwọn ò fẹ́ kúrò ládùúgbò láì bẹ olúkúlùkù. Wọ́n ti pe àwọn kan lórí fóònù, wọ́n ti rí àwọn kan lójúkojú. Wọ́n ní, “Ìwọ ló kù.” Wọ́n wá di apá àga mú, wọ́n kúnlẹ̀ fún mi.

Ẹ gbọ́, ìyá tó tó bí mi lọ́mọ kúnlẹ̀ síwájú mi! Mo fò dìde. Mo ní, “Màmá, ẹ dìde, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ sí mi.” Wọn ò dìde. Wọ́n ní, “Tóbi bì lọ́jọ́ yẹn. Mo rántí. Dárí jì mí.” Mo di apá wọn mú, mo ń fà wọ́n sókè, wọ́n ní àfi kí n fẹnu mi sọ ọ́. Mo kàn fẹ́ kí wọ́n dìde.

Mo ní, “Mo ti dárí jì yín, Màmá.”

Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Wọ́n fi àmì sí orúkọ mi, wọ́n ka ìwé náà pọ̀. Wọ́n ní kí ni mo fẹ́ sọ tẹ́lẹ̀. Mo ní mo fẹ́ bi wọ́n bóyá bẹ́ẹ̀dì náà ṣeé tú ni.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún mi pé kí n gbàdúrà, mo ti gbà á. Ẹ má sì sọ pé kí n lọ bá pásítọ̀, pásítọ̀ máa ní ká pe ìpàdé ìgbìmọ̀, ìpàdé ti sú mi. Mo máa sọ ọ́. Mo ti gbà pé mo máa sọ ọ́ kó tó di Sátidé, fún Màmá, fún Ṣadé, fún ìyàwó mi, fún gbogbo ìjọ tó bá gbà bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n yọ mí nínú ìgbìmọ̀, kí ìyàwó mi lé mi sí garage, mo ti gbà.

Ohun tó ń dẹ́rù bà mí báyìí yàtọ̀. Mo mọ Màmá. Tí mo bá dọ̀bálẹ̀, tí mo sọ gbogbo ẹ̀, wọ́n máa fọwọ́ kan orí mi, wọ́n á ní mo ṣeun, pé àánú wọn ló ń ṣe mí tí mo fi fẹ́ gba ẹ̀bi wọn rù. Ṣadé náà máa sọ bẹ́ẹ̀. Mi ò ní ẹ̀rí kankan lọ́wọ́, mo ti sọ ọmọrí yẹn nù. Ìyá yẹn ti bẹ gbogbo èèyàn tán, wọ́n ti gbà á gbọ́ pé àwọn ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá a, kí ni màá sọ tí wọ́n á fi gbà pé orí àwọn pé?